Agbára Ta Ni O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Rẹ?

Zipporah ọmọ mi ní àdúgbò Crusher, Lọ́kọ́ja,

Òkun o. Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé Lọ́kọ́ja kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀. Iṣu wa ta, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ṣọ́ọ̀ṣì ti kan páànù tuntun. Ó tó báyìí, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Oògùn Kíú-Tẹ́ẹ̀nì tí o fi ránṣẹ́ nítorí àìsàn ọkàn bàbá rẹ ti ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ jù. O ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé ara ènìyàn kún fún yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí, pé iná ń jó nínú wọn tó ń sọ oúnjẹ di agbára, pé Kíú-Tẹ́ẹ̀nì yìí ló ń gbé iná náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ara dípẹtà. O ní ara olúkúlùkù ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó kàn ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o kò sọ ẹni tí wọ́n ti ara rẹ̀ bu èyí tó wà nínú ìgò.

Bàbá rẹ tí kò lè rìn dé ẹ̀yìn ilé ti kọ ebè dé etí igbó láìmu omi. Sọ̀fíyátù aládùúgbò wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n múra, ọkọ mi ti di ọ̀dọ́kùnrin. Àfi ìgbà tí a jọ dé oko tí a bá a tó ń kọrin ní èdè Núpé, èdè tí kò gbọ́, tó sì fi ọwọ́ òsì di ọkọ́ mú, òun tí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Sọ̀fíyátù tó gbọ́ Núpé ní orin apẹja ni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ àáró wa: ẹni tó bá ọ ro oko lónìí, o gbọ́dọ̀ bá a ro tirẹ̀ lọ́la, mi ò sì í gba àwáwí. Ẹni tó ni agbára yẹn ti bá wa ro tiwa tán. Bàbá rẹ alára mọ̀. Láràárọ̀ ló ń kọjú sí odò tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń sọ pé kí wọ́n má bínú, òun ń bọ̀. Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní olóko ni.

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè gbé ṣíbí mọ́, mo bá dá a padà fún un. Àáró tí a jẹ sì ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, lọ bá àwọn tó tà á fún ọ, kí wọ́n sọ orúkọ ẹni náà àti ibi tí oko rẹ̀ wà. Fi owó mọ́tò ènìyàn méjì ránṣẹ́ kíákíá, torí n kò ní jẹ́ kí bàbá rẹ dá lọ. Bí ẹni náà bá sì ti kú, má fi pamọ́ fún mi, sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́run níbẹ̀, kí n lè mọ irinṣẹ́ tí a ó gbé dání.

Agbára tìrẹ, ara rẹ ni yóò máa bá gbé, ẹnikẹ́ni kò ní yá a lò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.