Oúnjẹ Inú Ike Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà, akọ̀wé ilé wa,

Ṣé dáadáa ni o jí? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ń gbé yàrá kejì ńkọ́, ṣé ó ti ń dá ọ lóhùn báyìí bí o bá kí i? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí ojú pọ̀ sí, àmín. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, nítorí ara rẹ̀ ti ń mókun kí n tó mú bírò.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀ ni agbára ti tán nínú rẹ̀. Nígbà tí o fi ike fítámì yẹn ránṣẹ́, o sọ lórí fóònù pé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀, kí ó máa jẹ ẹ́ dáadáa. Ọmọ mi, ẹnu rẹ ni mo dì mú. Bí o bá ní kó máa lò ó ni, ǹ bá mọ̀ pé oògùn ni, nítorí oògùn ni à ń lò, ó sì ní òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n jíjẹ ni o wí. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá mi ka ara ike náà, nítorí lẹ́tà ibẹ̀ kéré ju ojú mi lọ, ó ní ẹyọ kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oúnjẹ wo ni àgbàlagbà ń jẹ ní ẹyọ kan? Mo gbà pé ahun ni àwọn tó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń bu ẹ̀kúnwọ́ sínú àwo fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú omi tútù, kò sì sí ẹni tó dáná mọ́ nínú ilé. Inú mi dùn, o mọ̀ pé èéfín kò bá ojú mi rẹ́. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí inú ẹyin, mo ní agbára ló kún un débi tó fi ń dà sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ó ń bì, ojú rẹ̀ wọnú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ó sì kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán ike náà. Mo ní kó rọra, kí fóònù má fa agbára tó kù nínú rẹ̀ mu. Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, èmi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọ̀daràn.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wá bá mi. Ó ní àwọn fítámì kan wà, bí wọ́n bá pọ̀ jù, ìtọ̀ ni wọ́n ń bá lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ, wọ́n á sì máa ba ilé jẹ́. Ó ní àfikún ni wọ́n ń pe nǹkan inú ike yẹn. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi kún. Ó ní èènì ni, Bàbá, ta ló ń gba èènì láì rajà? Ó ní oúnjẹ gidi ni aláìsàn ń kọ́kọ́ jẹ, kí oògùn tó rí nǹkan gbé ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ebi ni mo fi ń pa ìyàwó mi, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.

Èmi ni mo ń dáná báyìí o: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ló ń lo ẹyọ kan, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ìyá rẹ ní iyọ̀ mi ń pọ̀ jù. Lánàá, ó gbá iwájú ilé fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, jọ̀ọ́, fi owó ẹja ránṣẹ́, má ra ike mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ rántí pé lọ́jọ́ tí ò ń ṣàlàyé fítámì náà, o ní irú rẹ̀ nìkan ni ìwọ náà ń gbé mì láàárọ̀, pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí o ráyè jẹun. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbé síbí sókè, á dáwọ́ dúró, á bi mí pé ṣé ọmọ yẹn ti jẹun.

Wà á rí jẹ, yóò sì gbà ọ́ lára. Kọ̀wé sí wa kíákíá, kí o sọ ohun tí o jẹ lónìí, oúnjẹ ni mo wí, kí n lè kà á sétí ìyá rẹ kí tirẹ̀ tó tutù.

Èmi ni bàbá rẹ.