Kírọ́ọ̀sì Ọkọ̀ Kọ́lápọ̀

Ìyá Bámikẹ́,

Jókòó kí o tó kà á. Mo yà sí ilé-ìwé yín, wọ́n ní ẹ ti lọ ṣe ìpàdé ní Adó. Mi ò lè dúró. Ọkọ̀ gẹdú Kọ́lápọ̀ àbúrò rẹ dojú dé láàárọ̀ yìí lọ́nà Àkúrẹ́. Ó wà láyé, àmọ́ dókítà ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Àná ló gbé ọkọ̀ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí òun bá ti di ẹrù, tí eré ń pọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n dé abẹ́ ìjókòó. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo di pùròpẹ́là mú, irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, mo mì í. Kírọ́ọ̀sì, oríkèé irin tó so orí rẹ̀ mọ́ iwájú, ti jẹ, ìpáàrà pupa yí i ká.

Ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé ó lè gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré?”

Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, “Máa rọra lọ. Bí o bá dé, a ó pààrọ̀ ẹ̀.”

Lórí òkè ni irin náà já, orí rẹ̀ gún ọ̀dà ojú títì, ó sì gbé ọkọ̀ ṣubú.

Kọ́lápọ̀ ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé eré àsápajúdé ni òun sá. Irọ́ ni. Àṣírí mi ló ń bò.

Bámikẹ́ wà lọ́dọ̀ Ìyá Adéṣọlá aládùúgbò wa. Mú aṣọ ìbora wá sí ọsibítù tí a bí i sí. Má tíì sọ fún Màmá yín. Bí o bá rí Kọ́lápọ̀, má bi í léèrè ohunkóhun. Èmi ni kí o bi.