Oníwo Kò Dé Yàrá Ẹ̀yìn

Èmi télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wọn ni mo mú kálàmù. Bàbá àgbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀, ló ń sọ ọ́. Wọn kò kàwé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún nínú ilé, kí n má sì bá wọn tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Mo ra ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá méjì wà lórí rẹ̀ bí ìwo àgbò — Oníwo ni mo sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ibùsùn ní yàrá ẹ̀yìn, wọn ò lè dìde mọ́. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wà lókè òkun, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ọlọ́jà ka ara páálí fún mi: ọ̀ọ́dúnrún mítà. "Bàbá, á bá yín dé oko."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Kò dé yàrá ẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo gbé okùn tí bàbá wa fi ń wọn ilẹ̀ jáde. Páálí lè purọ́, okùn kì í purọ́. Oníwo lójú fèrèsé pálọ̀, fóònù lọ́wọ́ mi. Mo ń na okùn lọ láàárín ebè — ó ń ṣiṣẹ́. Mo kọjá ọgbà — ó ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò kó tó kú. Inú mi dùn. Mo padà, mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Òfo. Okùn ẹyọ kan kò tán láàárín ibẹ̀ àti Oníwo.

Ẹ̀gbọ́n mi wo okùn ọwọ́ mi. "Ilẹ̀ ta lo tún ń wọ̀n, olórí kunkun?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo lọ bá ọlọ́jà. Ó ní páálí ò purọ́. Gbangba ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ò sí ògiri, tí ò sí irin. Mo ní ta ló ń gbé níbi tí ò sí ògiri. Ó ní kí n má bínú. Ó tún ní ohùn Oníwo le, ti fóònù kéré: bí Oníwo bá tilẹ̀ pè é, fóònù lè má lè dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi ní a ò gbọdọ̀ gbé wọn jáde. Wáyà Oníwo kò kọjá fèrèsé, ọlọ́jà ní èyí tó gùn kò tíì dé. Mo yọ ilẹ̀kùn irin yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ wó ilé ni?" Mo ní tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Àánú mi ṣe ọlọ́jà, ó wá fúnra rẹ̀, òun ló pe ọmọ náà. Ojú ọmọ yọ lórí fóònù — ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá mi" — ó sì dúró gbọnin. Ẹnu là sílẹ̀, kò mira mọ́. Ọlọ́jà wò mí. Nọ́ọ̀sì wolẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwòrán sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ìbá rí i báyìí. Kó má sáré wálé tìtorí àwọn. Kó máa jẹun. "Mo ti rí ọ. Ó tó." Mo di fóònù mú títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ó gbọ́ mi, àbí?"

Mo ní ó gbọ́.

Wọ́n pajú dé, wọ́n sùn. Mo gbé fóònù jáde sáàárín ebè. Níbẹ̀, ní gbangba, ohùn ọmọ dún ketekete: "Bàbá kékeré, ẹnu wọn ni mo rí tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni wọ́n sọ?"

Oníwo dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹnu mi ni kò là.

Àmì àtàǹpàkò bàbá àgbẹ̀ nìyí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú mi.
Ẹlẹ́rìí: ọlọ́jà tó ta Oníwo.
Ẹlẹ́rìí: nọ́ọ̀sì yàrá ẹ̀yìn.