Ẹ Kú Ewu Tí Mo Kí Àgbọ̀nrín

Nusirat ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé ara rẹ ti ń mókun? Ṣé ọmú ń jáde dáadáa? Mo kí Kazeem ọkọ rẹ, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ òun àti tírélà rẹ̀ ní Liverpool Road. Mo kí Sàrátù ọmọ tuntun, ó máa dàgbà, ó máa dògbó. Àwa náà wà ní Ìgbòho níbí. Ìjì ti gbé páànù ilé ìdáná wa lọ, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, bàbá rẹ sì ṣì ń wá awò ojú tó gbé sórí ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti Jímọ̀ọ̀ tí n ò gbé e. Má bínú, èmi ni mo pa fóònù. Ẹ̀bá igbó ìjọba ni òpó fóònù wa wà, ìpè tó bá sì ti Àpápá bọ̀ ní láti gba inú igbó náà kọjá kó tó dé etí mi. N ò fẹ́ kí ohùn rẹ dẹ́rù ba ẹnì kan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi fi lẹ́tà rán awakọ̀ nìyẹn.

Àwọn aṣọ́gbó ló kó àwa obìnrin àsàlátù lọ wo ẹranko nínú igbó náà ní Jímọ̀ọ̀ yẹn. Gafar, ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa tó wà lára wọn, ló ṣáájú wa. Ó ní ká má pariwo, ká má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ká má ju ọ̀rá omi sílẹ̀. Ẹ̀pà tí mo sè dání fún àwọn ọ̀bọ, torí ojú ń tì mí láti ṣe àlejò lọ́wọ́ òfo, ó gbà á. Ó ní ọ̀bọ tó bá jẹ ẹ̀pà èèyàn lónìí, oko èèyàn ló máa wá a dé lọ́la, ìbọn ni wọ́n sì máa fi kí i níbẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká padà la rí àgbọ̀nrín kan lábẹ́ igi tó ń lá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ara ọmọ náà ò tíì gbẹ. Nusirat, n ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní ẹ kú ewu o, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Mo kígbe ẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá ọlọ́mọ. Ìyá náà fò, ó wọ igbó lọ, ó fi ọmọ sílẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ìborùn mi bò ó. Gafar di ọwọ́ mi mú, ó ní ṣé mo rò pé àgbọ̀nrín máa dá mi lóhùn ni. Ó ní ìyá ọmọ náà wà nítòsí, ó ń wò wá, kò sì ní padà tí a bá ṣì wà níbẹ̀. Oore tó kù tí mo lè ṣe fún un ni kí n máa lọ. A lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa fóònù. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, n ò lè pa ẹnu mọ́.

Ìgbà náà ni mo rántí yàrá rẹ ní Boundary, ní Àpápá. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tí mo ní kí gbogbo ilé wá kí ọ, Ìyá Munachi wọlé, Avwerosuoghene kó ọmọ wọlé, wọ́n ń gbé Sàrátù fún ara wọn. O ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn. Mo ní o lé mi, mo di ẹrù mi. Láti Àpápá títí dé Ìgbòho ni mo ń ro ẹjọ́ rẹ fún ẹni tó jókòó tì mí. Bóyá kíkí nìkan ni mo mọ̀ ní ìfẹ́, tí n ò kọ́ èyí tó kù.

Gafar wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n so kámẹ́rà kan mọ́ igi níbẹ̀, tí kì í sùn, tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó fi hàn mí: ìyá ti padà, ọmọ ń mu ọmú. Mo bi í bóyá kámẹ́rà náà lè bá mi bẹ ìyá náà. Ó ní rárá. Ó tún ní fóònù mi ò lè dẹ́rù ba ẹranko kankan, ṣùgbọ́n ọmọdé ni Gafar, kí ló mọ̀. Mo máa dúró kí ẹsẹ̀ ọmọ àgbọ̀nrín náà le ná, kí n tó tan fóònù.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, tó bá sì ṣẹ́ kù, ti páànù. Awakọ̀ yìí ni kó o fún, má fi gba inú fóònù, torí inú igbó yẹn náà ni owó máa gbà kọjá.

Tí mo bá dé Boundary, n ò ní kan ilẹ̀kùn. Tí o bá yọjú tí o rí mi lórí àpótí níbi tí kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí, inú ò bí mi. Kọ́kọ́ sùn. Tí o bá sùn tó, wá pè mí wọlé.

Ọlọ́run á fún ìwọ àti ọmọ rẹ ní oorun àsùnjí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ummusalamah