Orúkọ Tí Màmá Sọ Àwọn Ológbò

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Ọ̀la ni mò ń gbé àwọn ológbò Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Gonzagueville. Akọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo, wọ́n á yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bímọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà ayé Màmá, ará Èjìgbò wo ní Koumassi tí a ń gbé yìí ni kò gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ rẹ̀? Á fi àkísà wé e bí ọmọ tuntun, á gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ní báyìí, ta ni màá fún? Oṣù mẹ́fà rèé tó ti lọ. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, àwọn méjì yìí nìkan ló ń mí.

Ìṣẹ́gun, 7
Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lọ́dọ̀ dókítà béèrè orúkọ wọn. Mo ní Félix àti Minou. Irọ́ ni. Ṣebótimọ lorúkọ akọ, Ẹnuńyúnwọn lorúkọ abo. Torí Ìyá Fìrígò ni Màmá ṣe sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ — Ìyá Mọ́síùrá, tí a jọ ń gbé inú àgbàlá kan. Ó ra fìrígò, ó ń fi yangàn. Màmá fi ẹja pamọ́ sínú rẹ̀, ẹja pòórá, ìjà dé. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò fi kí ara wọn. Láràárọ̀ ni Màmá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ké pe ológbò kó wá jẹun, gbogbo àgbàlá á sì mọ ẹni tó ń bá wí. Bí àwọn àgbà ṣe ń fi orúkọ ajá bú aládùúgbò náà nìyẹn. Ojú máa ń tì mí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá kú, Ìyá Fìrígò yìí ló se oúnjẹ fáwọn tó wá kí wa. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ké orúkọ yẹn síta mọ́? Láti ọjọ́ kẹjọ ikú Màmá ni mo ti pa á tì.

Ọjọ́rú, 8
Alẹ́ àná la délé. Akọ ti jẹun, ó ti gun orí àpótí aṣọ — ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, kò tiẹ̀ mọ̀! Abo wà lábẹ́ ibùsùn Màmá, ike tó rí bí àrọ lọ́rùn rẹ̀ kó má baà lá ojú abẹ. Minou, Minou. Kò wojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 9
Kò jẹun.

Ìrọ̀lẹ́. Mo pe Dókítà Cyrille. Ó ní ojú abẹ dáa, ṣùgbọ́n ológbò tí ò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́. Bí kò bá jẹ lọ́la, kí n gbé e padà wá. Mo nà gbalaja sílẹ̀, mo rọra sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Etí rẹ̀ mì, ìyẹn náà nìyẹn. Màmá kì í rọra sọ ọ́. Abẹ́ ibùsùn yẹn ṣì ń rùn bí àdí àgbọn tó máa ń fi para. Bí eléyìí bá kú, èmi ni mo pa á, èmi àti ọ̀làjú mi.

Ẹtì, 10
Mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti wọ takisí wôrô-wôrô nígbà tí Ìyá Fìrígò kanlẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé Minou ò jẹun. Ó pòṣé.

"Minou kẹ̀! Sẹ̀kínà, depuis six mois, oṣù mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó bú mi mọ́ nínú àgbàlá yìí. Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni?"

Ó gba àwo ẹja lọ́wọ́ mi, ó lọ dúró síbi tí Màmá máa ń dúró gan-an, ó figbe ta: "Ẹnuńyúnwọn o! Ẹnuńyúnwọn, wá jẹun!" Àwọn ará àgbàlá yọjú. Ológbò fa ara rẹ̀ jáde, ike ń gbá ilẹ̀kùn. Ó jẹ díẹ̀, ó sinmi, ó tún jẹ.

Ìyá Mọ́síùrá ní láràárọ̀ ni kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, kí n sì pariwo dáadáa, torí etí òun ti ń di. Mo ní mo gbọ́, Ìyá.