Wọ́n Ti Sin Yín Kí N Tó Gbọ́

Màámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mi ò rí dágbére fún,

Àdúgbò Gbégamey ni mo wà, nínú yàrá tí ẹ ò rí rí. Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi sì ti kún ojú ọ̀nà wa. Mo fẹ́ ròyìn ìlú Kútọnu fún yín. Ẹ̀yin ni mo ṣèlérí fún pé n ó máa ròyìn, mi ò sì tíì rí ẹlòmíràn tí etí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi bí ti yín.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ di irun mi kí n tó fi Ìṣẹ́yìn sílẹ̀ wá kàwé níbí? Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù ìdirun yín, ẹ ní àwọn oníbàárà á padà wá. Ẹ mú mi jókòó sáàárín orúnkún yín, ẹ di í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ó lè pẹ́ lórí. Ẹ fi eyín di òòyà mú bí ẹ ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú yín tí ẹ ò fẹ́ sọ. Ẹ ń wúkọ́. Mo bi yín, ẹ ní eruku ni.

Mo rò pé ìlú yìí kò ní ṣòro fún mi, torí kò jìnnà, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀. Àṣé mo tan ara mi ni. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Olùkọ́ á sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in láì mọ ohun tí à ń rín. Èmi tí wọ́n ń pè ní olórí pípé nílé, mi ò lè béèrè ilé ìtọ̀. Ìyá Ràfíátù, onílé mi, ló kó mi yọ. Aránṣọ ni, ọmọ Ṣakété. Nàgó, Yorùbá tiwọn níbẹ̀, kò rí bí tiwa gan-an, ó sì máa ń fi Faransé àti Fọ̀n là á, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Bàálù tó bá ń balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Cadjèhoun máa ń kọjá lórí òrùlé wa, èmi á sì tẹ orí ba. Mo sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín.

Ẹnu ni ẹ máa ń gbé fóònù sí, kì í ṣe etí. Ẹ ó máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Kí n tó kí yín tán, ẹ ó ti béèrè ohun tí mo jẹ.

Lẹ́yìn náà ni fóònù yín bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá, ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo pè, ó ní ọ̀fun ń dùn yín, dókítà ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Mo tún pè, ó ní ẹ ń sùn. Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ yín kí n ṣáà gbọ́ mímí yín, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó sì gé e. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mo fi gbà á gbọ́, Màámi?

Láàárín ìgbà yẹn ni mo tú irun tí ẹ dì fún mi. Ó ti gbó, orí sì ń yún mi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo tú u, mo gbá èyí tó já mọ́ pàǹtí, mo lọ dà á nù. Wọ́n ti sin yín nígbà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín tó gbẹ̀yìn láyé ni mo gbá dànù, orin sì ń bẹ lẹ́nu mi.

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀ kó parí, Ìyá Ràfíátù rán mi lọ ra òwú ìránṣọ ní ọjà Dantokpa. Níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ni mo ti gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ mi. Màmá Ṣadé àdúgbò wa n'Ìṣẹ́yìn ni, tí ẹ máa ń dirun fún. Ó wá ra ọjà. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ mi.

"Ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Màmá."

"Màmá wo, mà?"

Ó wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára mi.

"Àbí Bọ́lá ò tíì pè ọ́ ni?"

"Ó pè mí lánàá. Ó ní ọ̀fun ń dùn wọ́n."

Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Mi ò ké, Màámi. Mo lọ ra òwú náà. Mo tilẹ̀ ná an.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ràfíátù bi mí ohun tó ṣe mí. Mo ní ìyá mi ti kú. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì jókòó tì mí. Kò ní kí n dákẹ́.

"Sunkún," ló wí. "Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo wà."

Ibẹ̀ ni mo ti pe Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, kí n má baà sá fún ìdánwò. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ ń lọ? Ṣé ẹ béèrè mi?

Nígbà tí mo dé Ìṣẹ́yìn, sìmẹ́ńtì orí sàréè yín ti gbẹ. Àwọn ará ilé ti sunkún tán, wọ́n ti ń bá ara wọn ṣàwàdà. Èmi nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá, tó gbé mi pọ̀n, kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo gbé e dìde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Nígbà míì, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bínú sí.

Wọ́n ní kí n dúró nílé. Mo padà sí Kútọnu. Mo yege, Màámi, mo sì ti mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín ní kíláàsì báyìí. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo ti tẹ nọ́ńbà yín kí n tó rántí.

Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí yàrá tó kángun sí tèmi, láti Òṣogbo. Ìwé tí mò ń kà lòun náà wá kà. Mo mú un lọ ra káàdì fóònù, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní sẹmijáàn. Lánàá, ó ní ó ti rẹ òun, òun á kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá òun.

"Má kọ ọ́," mo ní. "Pè wọ́n. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o rí ojú wọn."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìdí, ṣùgbọ́n ó pè. Ògiri wa kò nípọn. Mo ń gbọ́ tí obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, tó ń pe ọmọ rẹ̀ lóríkì. Mo gbìyànjú láti jókòó, mi ò lè jókòó. Mo bọ́ síta, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ náà ní ìyá òun dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ mi. Ìyá náà ní kí n bá òun kí ìyá mi, kí n ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Mo ní n ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

Màámi, ìyá kan kí yín láti Òṣogbo.

Èmi ni,
àbígbẹ̀yìn yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.