Ìhágún Omidan Garsdale Lórí Ìlà Mẹ́rin Tó Dùn Mọ́ Ọbabìnrin

Kí gbogbo ẹni tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀ pé èmi, Philippa Augusta Garsdale, omidan, akéwì, ọmọ Garsdale oníṣòwò irun àgùntàn, ará ìlú Skelby ní ilẹ̀ Yorkshire, ni mo ń sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lẹ́yìn ikú mi. Orí mi pé. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló ń dùn mí, ewì kíkọ ló sì fà á. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé orí mi kò pé, kí Àlùfáà Marsden, tí mo fi ṣe alámòójútó ìhágún yìí, bi í léèrè bóyá Maud Tunnicliffe ló rán an wá.

1. Ilé mi, pẹ̀lú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, di ti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Akéwì Skelby, kí wọ́n máa pàdé níbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú bí wọ́n ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n Maud kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tó kọjú sí ibi iná yíyá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí Ọbabìnrin pé àádọ́ta ọdún lórí oyè, gbogbo wa la kọ ewì ránṣẹ́ sí ààfin. Maud nìkan ni wọ́n dá lóhùn. Ìlà méjì péré ni èsì náà, obìnrin kan tó ń dúró ti Ọbabìnrin ló sì kọ ọ́. Maud fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, ó gbé e kọ́ sókè ibi iná, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mu tíì nílé rẹ̀ tí kò ní rí i. “Philippa, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ooru tíì rẹ má ba lẹ́tà Ọbabìnrin jẹ́.” Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń sún sẹ́yìn.

2. Adìyẹ mi márùn-ún tó ń yé, kí Àlùfáà kó wọn. Ẹkẹfà, tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́ láìyé ẹyin kan ṣoṣo, mo fi ta Maud lọ́rẹ. Wọn á gbọ́ èdè ara wọn.

3. Ewì arò tí mo ti kọ sílẹ̀ de ikú Ọbabìnrin (kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí) wà nínú àpótí ìbọ̀wọ́ mi. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá yẹ. Àyè ọjọ́ ikú nìkan ló ṣófo.

Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní irú rẹ̀ nílé, kò sì sí èyí tó máa jẹ́wọ́. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún bíi ti òkú ńlá. Maud kò bi ẹnì kankan. Ó sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láìdé àkẹtẹ̀, arò rẹ̀ lọ́wọ́, kí tirẹ̀ lè kọ́kọ́ dé ààfin. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó títí. “Ìyá, Ọbabìnrin ń bẹ láàyè o. Crowther tó ni ilé ìhunṣọ ló kú.” Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo tò tẹ̀ lé e, tèmi wà lábẹ́ ẹyin nínú apẹ̀rẹ̀.

4. Lẹ́tà tí ààfin kọ sí mi ní oṣù tó kọjá, lórí ewì ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin lórí oyè, pẹ̀lú férémù rẹ̀ tó fi ìka kan fẹ̀ ju ti Maud lọ, kí wọ́n sin ín mọ́ mi.

Ìlà méjìdínláàádọ́ta ni ewì náà. Mẹ́rin péré ni lẹ́tà náà yìn. Ó ní wọ́n dùn mọ́ Ọbabìnrin, opó tí í ṣe, débi pé ó ní kí wọ́n tún wọn kà:

Gbogbo ayé ń wo adé tó ń dán lórí rẹ̀,
kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí tíì òwúrọ̀:
ó bu ife kan, ó bu ìkejì,
ó wá rántí, ó sì da ìkejì nù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti ibi tó yẹ kí ìlà wọ̀nyí wà, tí ewì kò lọ. Keziah, ọmọ tí àbúrò mi obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ń bó ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kàn ṣí ẹnu, ó kà wọ́n jáde, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Ta ló kọ́ ẹ?” “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Àǹtí. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, látìgbà tí màámi ti kú.” Mo ní kó máa bó ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ. Mo kọ wọ́n sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Maud ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ pọ́n. “Níbo lo ti rí èyí, Philippa? Kò jọ tìẹ.” Mo ní, “Inú ọkàn mi ni.” Keziah ló gbé àwo kéèkì dúró. N kò wò ó lójú.

5. Ìlà mẹ́rin náà, mo dá wọn padà fún…

Ó tó. Àǹtí, èmi Keziah ni mo kọ gbogbo èyí. Ẹ ó ti fura láti ibi adìyẹ. Ẹ̀yin náà lẹ fi mí ṣe akọ̀wé nígbà tí ọwọ́ ń dùn yín; bí ọwọ́ ìkọ̀wé yín ṣe mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, tí ohùn yín náà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ yọ mí nílé ìwé lọ́mọ ọdún méjìlá, mi ò bínú. Mo ti sín yín jẹ títí, àmọ́ tòní kì í ṣe eré. Mò ń jowú ni. Tẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá ń jowú Maud, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú àpò ọ̀dùnkún. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá ń nu gíláàsì férémù yẹn, ojú mi ni mò ń rí nínú rẹ̀, orúkọ yín ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ife màámi ni, Àǹtí. Ẹ máa mú ìlà mẹ́rìnlélógójì tó kù.

Ọ̀la ni Ọjọ́rú. Ẹ sọ fún wọn pé Keziah ló kọ ọ́, kí Maud gbọ́. Mo mọ̀ pé á fi yín rẹ́rìn-ín títí ọdún á fi yí po. Ẹ ṣáà sọ ọ́.

Mo fi ìwé yìí sábẹ́ ife kejì. Kẹ́ ẹ tó da tíì yẹn nù, ẹ kà á tán.

Ọwọ́ mi nìyí: Keziah Lund, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. (Orúkọ yín tí mo kọ́kọ́ fi síbí, mo ti pa á rẹ́.)

Skelby, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 1897.

Ẹlẹ́rìí kìíní: adìyẹ kẹfà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo tẹ̀ bọ tàdáwà.

Ẹlẹ́rìí kejì: àyè yín nìyí, Àǹtí.